Ẹ̀rọ ò bàjẹ́: bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe ń darúgbó, àti ìdí tí nọ́ńbà òkè fi ń ga nígbà tí tìsàlẹ̀ ń rẹlẹ̀

Bí ẹ bá rìn láti Ọláìyá dé Òkè-Fíà ní Òṣogbo lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí tábìlì kéékèèké níwájú àwọn kẹ́míìsì, ẹ̀rọ ìfúnpá lórí wọn, àga oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àgbàlagbà á jókòó, á na apá, wọn á yẹ̀ ẹ́ wò, wọn á sì kọ nọ́ńbà méjì sórí bébà péńpé fún un. Bébà yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń mú relé láì mọ ohun tó ń wí. Èyí tó máa ń rú wọn lójú jù lọ ni irú bébà tó ní 168 lókè, 70 nísàlẹ̀. Tòkè ga fíofío. Tìsàlẹ̀ dára, ó tiẹ̀ dára ju ti ọmọ tó yẹ̀ ẹ́ wò lọ. Èwo ni kéèyàn gbà gbọ́ nínú méjèèjì?

Màmá á bi ọmọ náà pé, "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ yín ò ti bàjẹ́ báyìí?" Ọmọ náà á ní, "Rárá o, Màmá. Ẹ sinmi díẹ̀, ẹ jẹ́ ká tún un yẹ̀ wò." Wọ́n á tún un yẹ̀ wò, ibì kan náà ló máa bọ́ sí. Ẹni tó jókòó sórí bẹ́ńṣì á wá dá sí i pé kí màmá fọkàn balẹ̀, pé 100 lèèyàn ń fi kún ọjọ́ orí rẹ̀, ohun tó bá jáde ni ìfúnpá tó tọ́ sí i. Màmá jẹ́ ẹni ọdún 68, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 168: ó pé pérépéré. Màmá á dúpẹ́, á gba ilé lọ.

Ìṣírò 100 yìí ti pẹ́ láyé. Àwọn dókítà ayé àtijọ́ pàápàá lò ó. Òun gan-an ló ń bí mi nínú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí pé ohùn ìtùnú ló fi ń sọ̀rọ̀, èèyàn kì í sì í sá fún ohun tó bá tù ú nínú. Kí a tó lè mọ ibi tó ti ṣìnà, a ní láti wo iṣan ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, ká rí ohun tí ọjọ́ orí ń ṣe sí ògiri rẹ̀ àti sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé páìpù ni iṣan ẹ̀jẹ̀: nǹkan ń gba inú rẹ̀ kọjá, ìdọ̀tí ń lẹ̀ mọ́ ọn, lọ́jọ́ kan á dí. Èrò yẹn ń ṣì wá lọ́nà. Páìpù ò mọ̀ bí omi bá ń kọjá nínú rẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ mọ̀. Ẹran ara tó wà láàyè ni. Ó ń fẹ̀, ó ń súnkì, ó ń tún ara rẹ̀ ṣe, ó sì ń ṣe èròjà tó ń fi ránṣẹ́ sí àyíká rẹ̀. Iṣan àlọ, ìyẹn èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn, ní ìpele mẹ́ta. Tòde ló dì í mú sí àyè rẹ̀. Tàárín ní ẹran tó lè fún iṣan pọ̀, ó sì ní àwọn fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń nà tó sì ń padà. Tinú pátápátá ni ẹ̀jẹ̀ ń fara kàn. Tinú yìí làwọn dókítà ń pè ní endothelium. Ìtẹ́nú ni màá máa pè é níhìn-ín.

Ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni ìtẹ́nú, sẹ́ẹ̀lì kan ò gun èkejì lórí. Síbẹ̀ kò sí iṣan tí kò sí nínú rẹ̀, láti orí aorta, iṣan àlọ ńlá tó jáde látinú ọkàn, títí dé àwọn iṣan tíntìntín tó jẹ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni sẹ́ẹ̀lì pupa ń tò gba inú wọn kọjá. Nínú àwọn iṣan tíntìntín wọ̀nyẹn, ìtẹ́nú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ògiri tó wà. Òun ló ń pinnu ohun tó máa jáde látinú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú ẹran ara. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì níbi tí kò sí ọgbẹ́. Bí kòkòrò àrùn bá wọlé, òun ló ń ké sí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun pé ibí ni kí wọ́n yà sí. Òun náà ló sì ń sọ fún ẹran àárín ògiri ìgbà tó yẹ kó dẹ̀, kí ọ̀nà lè fẹ̀ sí i.

Iṣẹ́ tó gbẹ̀yìn yìí pẹ́ kó tó hàn sí ayé. Kó tó di 1980, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló ka ìtẹ́nú sí ìbòrí lásán. Robert Furchgott, tó ń ṣiṣẹ́ ní Brooklyn ní New York, máa ń gé aorta ehoro, á kán èròjà kan tó ń jẹ́ acetylcholine sí i, á sì wo ohun tó máa ṣe. Ìwé sọ pé ó yẹ kí iṣan dẹ̀. Àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ńṣe ló ń fún pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, títí di ọjọ́ kan tó ṣàdéédéé dẹ̀. Níkẹyìn ó rí i pé ọwọ́ tí wọ́n fi ń gé e ló fa ìyàtọ̀: níbi tí wọ́n bá ti ra inú iṣan mọ́lẹ̀, ìtẹ́nú ti bó lọ, iṣan ò sì lè dẹ̀, níbi tí ìtẹ́nú bá ti wà pé, ó ń dẹ̀ wọ̀ọ̀. Òun àti John Zawadzki kọ ọ́ jáde ní 1980. Nǹkan kan wà tí ìtẹ́nú ń fi ránṣẹ́ sí ẹran tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan ni wọ́n mọ̀ pé gáàsì ni, nitric oxide. Furchgott, Louis Ignarro àti Ferid Murad gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1998. Ohun tó jọ mí lójú nínú ìtàn yìí ni pé Alfred Nobel fúnra rẹ̀, ẹni tó fi nitroglycerin ṣe dáínámáìtì, ni àwọn dókítà rẹ̀ ní kó máa lo nitroglycerin fún àìsàn ọkàn. Nígbà náà kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nitric oxide tí ara ń rí fà yọ nínú oògùn náà ló ń ṣiṣẹ́.

Nitric oxide kì í pẹ́ nílẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan ló ń lò, á sì pòórá. Ara ò lè kó o pamọ́ de ọjọ́ iwájú, nítorí náà ìtẹ́nú gbọ́dọ̀ máa ṣe é ní gbogbo ìgbà, tọ̀sán-tòru. Ohun tó bá mú kí àárẹ̀ mú ìtẹ́nú ti dín in kù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Wàyí o, nǹkan méjì ni ọjọ́ orí ń ṣe sí iṣan, a sì máa ń pò wọ́n pọ̀ mọ́ ẹ̀kẹta. Ògiri ń le. Ìtẹ́nú ń rẹ̀. Ẹ̀kẹta, tó jẹ́ pé òun nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbọ́ rí, ni ọ̀rá tó ń ṣù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ran ara wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun kan náà. Ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í fẹ́ràn ẹran ọlọ́ràá, tí àyẹ̀wò kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù rẹ̀ mọ́ tónítóní, lè ní iṣan tó ti le. Ó tún yẹ ká mọ ibi tí ọ̀rá náà wà gan-an. Kò lẹ̀ mọ́ ojú iṣan nínú níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń fọ̀ ọ́. Inú ògiri ló wà, lábẹ́ ìtẹ́nú. Nígbà tí àárẹ̀ mú ìtẹ́nú, tí kò lè ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dáadáa mọ́, ni ọ̀rá yọ́ gba ibẹ̀ wọlé, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun sì tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń jẹ ẹ́ títí wọ́n fi yó tí wọ́n kú síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé àgbo kankan wà, ì báà jẹ́ ti aáyù ì báà jẹ́ ti ọsàn wẹ́wẹ́, tó lè "fọ iṣan". Ohun tó wà nínú ògiri ò ṣeé fọ̀ látinú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ògiri tó ń le, torí òun ló ni bébà 168 àti 70.

Nígbà tí ọkàn bá fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ya wọ inú aorta lẹ́ẹ̀kan náà. Aorta ọ̀dọ́ máa ń fẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ra, agbára tí ọkàn fi tì í á sì rọlẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí ọkàn bá wá sinmi, aorta á súnkì padà, á máa ti ẹ̀jẹ̀ tó gbà síkùn lọ síwájú. Nọ́ńbà òkè ni agbára ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọkàn ń fún pọ̀. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ni agbára tó ṣẹ́kù nígbà tí ọkàn ń sinmi. Aorta tó ń fẹ̀ tó sì ń súnkì ló ń mú kí méjèèjì sún mọ́ra.

Ohun tó ń jẹ́ kó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni àwọn fọ́nrán elastin tó wà ní àárín ògiri. Inú oyún àti ìgbà ọmọdé ni ara ti ń hun èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn tí èèyàn bá ti dàgbà tán, ara kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe òmíràn mọ́. Èyí tí ara bá ti hun nígbà náà là ń ná títí ọjọ́ alẹ́. Ọkàn tó ń lù nígbà 70 ní ìṣẹ́jú kan á lù ju 100,000 lọ lójúmọ́ kan. Kí èèyàn tó pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, ó ti kọjá bílíọ̀nù méjì. Lílù kọ̀ọ̀kan ló ń na fọ́nrán wọ̀nyẹn. Wọ́n ń ṣán, wọ́n ń já. Ara á fi fọ́nrán mìíràn tó ń jẹ́ collagen dí àyè wọn, collagen sì lágbára gan-an, àmọ́ kì í nà. Kálísíọ́ọ̀mù náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sínú ògiri. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á máa so fọ́nrán pọ̀ mọ́ fọ́nrán, débi pé wọn ò ní lè yọ̀ lára ara wọn mọ́. Lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, èyí ń yára ju ti ẹlòmíràn lọ.

Bí aorta bá ti le, kò lè fẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ mọ́ra. Gbogbo agbára tí ọkàn fi tì í á lọ tààrà sínú iṣan: nọ́ńbà òkè gòkè. Nígbà tí ọkàn bá sinmi, kò sí ẹ̀jẹ̀ tí aorta gbà síkùn tó lè máa tì: nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wálẹ̀. Ohun kan tún wà tó ń dá kún un. Lílù ọkàn kọ̀ọ̀kan ń rán ìgbì kan gba ara ògiri iṣan lọ, ìgbì náà á kan àwọn ibi tí iṣan ti pín yà, apá kan nínú rẹ̀ á sì padà bọ̀. Lára ọ̀dọ́, ìgbì yìí ń rin nǹkan bíi mítà 6 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìgbà tó bá fi máa padà dé, ọkàn ti ń sinmi, ìpadàbọ̀ rẹ̀ á sì ran nọ́ńbà ìsàlẹ̀ lọ́wọ́. Nínú iṣan tó le, ìgbì náà lè sáré ju mítà 10 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá, á padà dé nígbà tí ọkàn ṣì ń tì, á sì kọlu ohun tí ọkàn ń tì jáde. Nọ́ńbà òkè tún ga sí i.

Nítorí náà, ẹ̀rọ ò purọ́. Láti nǹkan bí ọmọ àádọ́ta ọdún sí ọgọ́ta ni nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ fúnra rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ èèyàn, nígbà tí tòkè ṣì ń lọ sókè. Bí àlàfo àárín wọn ṣe ń fẹ̀ ni iṣan ṣe ń le. Ẹni tó bá wo 70 tó sì dúpẹ́ pé "ìdajì rẹ̀ ṣáà dára" ń dúpẹ́ fún apá kan àìsàn náà.

Ta ló ń jìyà rẹ̀? Ọkàn ni àkọ́kọ́. Ó ń ti ẹrù tó wúwo sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbà tó bá ń sinmi ni òun fúnra rẹ̀ ń rí ẹ̀jẹ̀ jẹ jù. Bí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ bá rẹlẹ̀ jù, oúnjẹ rẹ̀ ń dín kù. Lẹ́yìn náà ni ọpọlọ àti kíndìnrín. Àwọn ẹ̀yà ara méjèèjì yìí ń gba ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nígbà gbogbo, ọ̀nà tó wọ inú wọn sì ṣí sílẹ̀ gan-an. Agbára tí aorta ò lè gbà mọ́ra mọ́ á lọ máa gbá àwọn iṣan tíntìntín tó wà níbẹ̀ lábàrá. Ibẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ ti ń wá, ibẹ̀ ni apá kan ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ti ń wá, ibẹ̀ náà ni kíndìnrín ti ń bàjẹ́ láì ro èèyàn lára rárá.

Wọ́n ti dán ìṣírò 100 wò, ó sì wó. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí SHEP, tí èsì rẹ̀ jáde ní 1991, kó èèyàn 4,736 jọ tí wọ́n ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí nọ́ńbà òkè wọn jẹ́ 160 sókè tí tìsàlẹ̀ ò sì tó 90. Àwọn màmá àti bàbá orí bẹ́ńṣì Òkè-Fíà gan-an nìyẹn. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn, wọ́n fún àwọn kan ní èyí tí kò ní nǹkan kan nínú. Rọpárọsẹ̀ fi ìdá 36 nínú 100 dín kù lára àwọn tó lo oògùn. Ní 2008, ìwádìí HYVET dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti pé ọgọ́rin ọdún sókè, àwọn tí gbogbo ayé ń sọ pé kí wọ́n fi sílẹ̀ jẹ́ẹ́, wọ́n ti darúgbó. Ikú fúnra rẹ̀ fi ìdá 21 nínú 100 dín kù, débi pé wọ́n tètè dá ìwádìí náà dúró. Pé nǹkan kan wọ́pọ̀ lára àgbà kò ní kó má pa àgbà.

Ìtẹ́nú ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, nítorí kò dà bíi fọ́nrán elastin tó kàn ń já. Sẹ́ẹ̀lì ni, sẹ́ẹ̀lì sì ń kú, ó ń pín ara rẹ̀ láti fi òmíràn rọ́pò. Ní 1961, Leonard Hayflick fi hàn pé pípín yìí lópin: sẹ́ẹ̀lì èèyàn tó gbìn sínú àwo pín ara wọn bíi nígbà àádọ́ta, wọ́n sì dáwọ́ dúró. Sẹ́ẹ̀lì tó ti dáwọ́ dúró kì í sábà kú. Ó wà níbẹ̀, kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa mọ́, ó sì ń tú èròjà tó ń gbé ara gbóná sí àwọn aládùúgbò rẹ̀ lára, tí àwọn náà á fi máa rẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ń pọ̀ sí i nínú iṣan, pàápàá níbi tí iṣan ti pín yà, tí ẹ̀jẹ̀ ti ń yí bírí dípò kó máa ṣàn gbọọrọ. Níbẹ̀ náà ni ọ̀rá ti máa ń kọ́kọ́ ṣù.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, oríṣi ọ́síjìn olóró kan wà tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, tó jẹ́ pé bó bá ti pàdé nitric oxide, á pa á. Ó ń pọ̀ lára arúgbó. Sìgá ń sọ ọ́ di ìlọ́po. Àtọ̀gbẹ náà, èéfín ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, igi ìdáná nínú ilé ìdáná tí kò ní ojú ihò, gbogbo wọn ló ń dá kún un. Ó lè jẹ́ pé ìtẹ́nú ṣì ń ṣe nitric oxide, àmọ́ kò ní délé kí wọ́n tó pa á lọ́nà.

Lára àwọn obìnrin, omi ara tó ń jẹ́ estrogen ń ran ìtẹ́nú lọ́wọ́ títí nǹkan oṣù fi dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ni iṣan ń yára le, ẹ̀jẹ̀ ríru obìnrin á sì bá ti ọkùnrin, á tún kọjá rẹ̀ nígbà mìíràn. Obìnrin tó bá sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún rí, ì báà ti lọ lẹ́yìn ìkúnlẹ̀ pátápátá, ìtẹ́nú rẹ̀ ti jẹ́rìí. Ewu ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ọkàn ga lára rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ó sì yẹ kó máa lọ yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò láti ìgbà èwe rẹ̀, kó má dúró de ọmọ àádọ́ta ọdún. Mo fẹ́ kí gbogbo ìyá ọlọ́mọ tó ń ka èyí rántí bóyá wọ́n sọ irú rẹ̀ fún un rí nígbà oyún.

Àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Sẹ́ẹ̀lì pupa wọn ń tètè fọ́, ohun pupa tó ń tú jáde látinú wọn sì ń gbé nitric oxide mì. Ìdí kan nìyí tí iṣan wọn fi ń jìyà láti kékeré. Ìfúnpá wọn sábà máa ń kéré sí ti ẹgbẹ́ wọn, nítorí náà nọ́ńbà tó dà bí ẹni pé kò ní wàhálà lára ẹlòmíràn lè ga jù lára wọn.

Ibì kan wà tí àárẹ̀ ìtẹ́nú ti ń tètè hàn lára ọkùnrin, ojú sì máa ń tì wọ́n láti sọ ọ́. Bí nǹkan ọmọkùnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀, wọn á gba ìdí Ìgbọ̀nà tàbí Ọjà Ọba lọ ra àgbo, ẹni tó ń tà á á sì sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí wọ́n yéé jẹ nǹkan dídùn. Nitric oxide ló ń ṣí iṣan ibẹ̀. Iṣan àlọ tó wà níbẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 1 sí 2; ti ọkàn tó mìlímítà 3 sí 4. Ìṣòro kan náà á kọ́kọ́ hàn nínú èyí tó tín-ín-rín, nígbà mìíràn fún ọdún bíi mélòó kan kí àìsàn ọkàn tó yọjú. Ọkùnrin tó bá rí èyí, ìfúnpá àti ṣúgà rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ lọ yẹ̀ wò. Ohun mìíràn tún wà tó ń bà mí lẹ́rù: ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, àwọn aláṣẹ ti rí sildenafil, oògùn inú Viagra, tí wọ́n pò mọ́ ohun tí wọ́n pè ní ewé àti egbò lásán. Bí ẹni tó ń lo oògùn ọkàn bíi nitroglycerin bá gbé irú rẹ̀ mì láìmọ̀, ìfúnpá rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì débi ikú.

Ṣé dandan ni gbogbo èyí? Apá kan jẹ́ dandan. Ní 2013, wọ́n yẹ òkú 137 tó ti gbẹ láti ayé àtijọ́ wò, láti Íjíbítì àti àwọn ibòmíràn, wọ́n sì rí àmì ọ̀rá tó ṣù nínú iṣan lára bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn. Kì í ṣe àìsàn oní nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti arúgbó nìkan: nígbà tí àwọn dókítà yẹ ọkàn 300 sójà Amẹ́ríkà tó kú lójú ogun Kòríà wò, wọ́n kéde ní 1953 pé ìdá 77 nínú 100 ló ti ní àmì náà, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún 22 ni ọjọ́ orí wọn dọ́gba sí. Àmọ́ ẹ wo àwọn Yanomami inú igbó Brazil, tí wọn kì í jẹ iyọ̀ tó nǹkan: ìwádìí INTERSALT ti 1988 fi hàn pé ìfúnpá wọn kì í gòkè bí wọ́n ti ń dàgbà. Ẹ wo àwọn Tsimane ti Bolivia, tí wọ́n ń dẹdò, tí wọ́n ń ṣọdẹ, tí wọ́n ń ro oko: ní 2017 wọ́n rí i pé ìdá 85 nínú 100 àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò, tí wọ́n ti lé lógójì ọdún, kò ní kálísíọ́ọ̀mù kankan nínú iṣan ọkàn wọn. Iṣan ẹni ọgọ́rin ọdún láàárín wọn dà bíi ti ará Amẹ́ríkà tó wà ní àárín àádọ́ta sí ọgọ́ta ọdún. Ọdún kan náà ni gbogbo wọn ń kà. Iṣan wọn ló ń kà á lọ́nà tó yàtọ̀.

Fọ́nrán elastin tó ti já ò ní padà. Ìtẹ́nú lè padà sípò, ibẹ̀ sì ni ìrètí wà. Nígbà tí èèyàn bá ń rìn, ẹ̀jẹ̀ ń sáré, ó ń fa àwọn sẹ́ẹ̀lì ìtẹ́nú lára bó ti ń kọjá, fífà yẹn gan-an ló sì ń mú kí wọ́n ṣe nitric oxide púpọ̀ sí i. Ẹni tó bá ti bá Arugbá rìn láti ààfin Àtàọ́ja dé ojúbọ Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ mọ irú ìrìn tí mò ń sọ: ara ń móoru, mímí ń yára, ṣùgbọ́n èèyàn ṣì lè sọ̀rọ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí irú rẹ̀ pé ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ọ̀kadà tó ń gbé wa láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà ti gba èyí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa.

Iyọ̀ ń ṣe ju pé ó ń gbé ìfúnpá sókè lọ. Ó ń mú kí ìtẹ́nú lọ́ra, ó sì ń mú ògiri le. Gíráàmù 5 lójúmọ́ ni WHO ní kó má kọjá, ìyẹn bí ṣíbí tíì kan, mágí, búrẹ́dì àti núdù sì wà nínú ìṣírò náà. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ní èròjà kan tó ń jẹ́ nitrate púpọ̀. Àwọn kòkòrò tí kò léwu tó wà lórí ahọ́n máa ń yí i padà, ara á sì fi ṣe nitric oxide láì gba ọ̀dọ̀ ìtẹ́nú. Omi ìfọnu olóògùn tó le ń pa àwọn kòkòrò wọ̀nyẹn, nítorí náà kò yẹ kéèyàn sọ ọ́ di ti ojoojúmọ́ bí kì í bá ṣe dókítà eyín ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọ́ ò rọ́pò oògùn, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi èyí tàn yín. Ẹni tó bá fi sìgá sílẹ̀, ìtẹ́nú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sàn láìpẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kí bébà yín sọ òtítọ́, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó yẹ̀ yín wò, ẹ ti tọ̀, ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí apá wà ní ibi gíga kan náà pẹ̀lú ọkàn, kí ẹ má sì sọ̀rọ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, kí wọ́n yẹ apá méjèèjì wò. Bí tòkè bá ń kọjá 140 léraléra, ẹ kó àwọn bébà náà lọ sí ilé ìwòsàn, ì báà jẹ́ ti ìjọba ní Asùbíarọ́ tàbí UNIOSUN Teaching Hospital, ohun yòówù kí tìsàlẹ̀ jẹ́. Oògùn tó ń mú tòkè wálẹ̀ á mú tìsàlẹ̀ náà wálẹ̀ díẹ̀, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń gbé e fún àgbàlagbà. Bí òòyì bá ń kọ́ màmá tàbí bàbá bó bá ti dìde lórí ibùsùn, kó sọ ọ́ kíákíá, kí wọ́n yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò ní ìjókòó, kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò ní ìdúró. Oríṣi oògùn tàbí ìwọ̀n rẹ̀ ni dókítà máa tún ṣe. Kí ó má dá a dúró fúnra rẹ̀.